Olè Ọ̀sán àti Pákó Tó Kú

Bí Bàbá Téépù ṣe wọ gbọ̀ngán ìṣeré náà ní ọ̀sán Sátidé, igbe tó kọ́kọ́ pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ni, "Olè! Olè! Olè!" Wéré, ọwọ́ òsì rẹ̀ ti bo àpò ẹ̀yìn, ọwọ́ ọ̀tún ti di àpò àyà mú, ó sì ti lẹ̀ mọ́ ògiri bí alángbá tó rí ológbò. Ó wò sọ́tùn-ún, ó wò sósì. Kò sẹ́ni tó ń sá. Àwọn tó ń pariwo olè gan-an ń pàtẹ́wọ́ lórí bẹ́ǹṣì wọn, ìyá àgbàlagbà kan tiẹ̀ dìde, ó ń juwọ́ sí olè náà pé, "Ọmọ mi, tún jí òmíràn!"

Àṣé ọmọ tó tìtorí rẹ̀ wá ni wọ́n ń kì bẹ́ẹ̀. Ọmọbìnrin ọdún mọ́kàndínlógún ni, tín-ín-rín bí ọ̀pá ìgbálẹ̀. Bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n ló ń gbá, gáàdì sì ni: ẹni tó máa ń gbé bọ́ọ̀lù bọ̀ láti ẹ̀yìn, tó ń pín in fún àwọn yòókù, tó sì ń dènà de gáàdì àwọn alátakò. Ẹni tó bá ti dènà dè, bọ́ọ̀lù á kàn pòórá lọ́wọ́ onítọ̀hún. Ọ̀sán gangan, lójú ayé, lójú rẹfirí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Olè Ọ̀sán.

Iṣẹ́ Bàbá Téépù ni kó máa wo irú ọmọ bẹ́ẹ̀, kó wo ibi tó dára sí àti ibi tó kù díẹ̀ káàtó sí, kó sì kọ ọ́ sójú ìwé kan ṣoṣo fún ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù obìnrin tó gbà á síṣẹ́. Nísàlẹ̀ ìwé, ọ̀rọ̀ kan péré ni wọ́n ń fẹ́: Bẹ́ẹ̀ ni, tàbí Rárá. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló ti ń ṣe é. Ojú rẹ̀ mú débi pé bí ìyàwó rẹ̀ bá ń sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, á sọ fún un pé orúnkún òsì ló ń gbára lé jù. Ìyàwó náà sì ti sọ ohun tí yóò fi orúnkún òsì ọ̀hún ṣe fún un lọ́jọ́ tó bá tún sọ ọ́.

Ṣùgbọ́n ojú tó mú náà ti ṣìnà rí. Lọ́dún tó kọjá, ó rí ọmọbìnrin gíga kan tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ ń wọ àwọ̀n bí ẹni ń da iyanrìn sínú garawa. Ó kọ Bẹ́ẹ̀ ni, ó fa ìlà méjì sí i nídìí. Ọmọ dé ẹgbẹ́ ńlá, bọ́ọ̀lù kò wọlé mọ́. Gbogbo rẹ̀ ń já kó tó dé òrùka irin tó di àwọ̀n mú. Ìgbà tí wọ́n wádìí ni wọ́n rí i pé òrùka irin tí ọmọ náà fi kọ́ṣẹ́ nílé ti wọ́, ó ti sọ̀ kalẹ̀ tó ìka mẹ́rin, kò sì sẹ́ni tó fura. Ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, bó rí ekòló, á sá. Láti ọjọ́ náà ni bàbá ti ra téépù onírin irú èyí tí káfíńtà ń lò, kò sì sí gbọ̀ngán tó wọ̀ tí kì í gun àkàbà lọ wọn òrùka. Ibẹ̀ lorúkọ ti wá.

Alága ẹgbẹ́ náà kò tíì gbàgbé. Obìnrin tí kì í rẹ́rìn-ín ni, àfi tí ẹlòmíràn bá ṣubú. Ọ̀sẹ̀ tí Sátidé yìí bọ́ sí gan-an ló pè é sí ọ́fíìsì.

"Bàbá, ààyè gáàdì kan ló kù fún mi lọ́dún yìí. Ẹni tí ẹ bá fi síbẹ̀, tó bá tún jẹ́ ti òrùka wíwọ́, ẹ kàn gbé ìwé àti pẹ́ńsùlù yín sórí tábìlì yìí bí ẹ bá ṣe ń jáde."

"Kí n jáde lọ síbo, Màdámù?"

"Ilé."

"Ó dáa. Ṣé ẹ lè bá mi wá ẹnì kan tí á máa di àkàbà mú fún mi?"

Alága bọ́ awò ojú rẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì. "Rárá."

Nítorí náà, nígbà tí wọ́n fọn fèrè ìsinmi ìdajì eré lọ́jọ́ Sátidé yìí, òun nìkan ló wọ́ àkàbà lọ sábẹ́ òrùka, tó gùn ún, tí òun náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbára lé orúnkún òsì jù. Kò tíì na téépù tán tí ohùn kan fi bú láti ìsàlẹ̀.

"Ta ló gbéṣẹ́ fún ọ?"

Ọkùnrin kan ló dúró níbẹ̀, pẹ́ńsùlù wà létí rẹ̀, eruku pákó wà ní irùngbọ̀n rẹ̀.

"Iṣẹ́ wo?"

"Iṣẹ́ tí o fi ń wọn nǹkan mi! Ọdún méjìlélógún ni mo ti ń tọ́jú gbọ̀ngán yìí. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi tẹ́ pákó ilẹ̀ tí wọ́n ń sáré lé lórí yẹn, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá fẹ́ gbaṣẹ́ lọ́wọ́ mi, kí wọ́n sọ ọ́ sí mi lójú, kì í ṣe kí wọ́n máa rán arúgbó lọ sórí àkàbà!"

"Ta ni arúgbó?"

"Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n lórí àkàbà mi."

Inú bí Bàbá Téépù, ó fa téépù rẹ̀ yọ, ṣàràrà! Káfíńtà kò gbà, òun náà fa tirẹ̀ yọ, ṣàràrà! Ó gun ìhà kejì àkàbà, àwọn méjèèjì wá wà lókè níbẹ̀, imú ń kan imú, téépù ń kan téépù, àwọn èrò ìwòran sì ti gbàgbé omi tí wọ́n fẹ́ lọ mu.

"Ó pé," ni Bàbá Téépù wí.

"Mo mọ̀ pé ó pé! Èmi ni mo gbé e kọ́!"

"Mi ò wá gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Gáàdì tí wọ́n ń pè ní Olè Ọ̀sán ni ẹgbẹ́ wa ní kí n wá wò."

Káfíńtà ká téépù rẹ̀ jẹ́jẹ́. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó fọwọ́ méjèèjì di àkàbà mú bí ẹni di ìkòkò ẹyin mú.

"Ẹ rọra sọ̀ kalẹ̀, sà. Ẹ fẹsẹ̀ òsì ṣáájú. Ọmọ mi lẹ wá wò. Ṣé kí n bá yín wá àga onítìmùtìmù?"

Báyìí ni Bàbá Téépù ṣe wo ìdajì eré kejì lórí tìmùtìmù. Ó ní àṣà kan tí kò jẹ́ kó lọ: kó tó wo ọmọ, á kọ́kọ́ ya àwòrán pápá sórí ìwé, gbogbo ibi tó bá sì ti gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ alátakò, á fi pẹ́ńsùlù sàmì síbẹ̀. Ti ìdajì àkọ́kọ́, ó ti sàmì sí i ní ìdúró lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí eré parí, bọ́ọ̀lù mẹ́sàn-án ni ọmọ náà ti jí. Mẹ́sàn-án! Kò rí i rí. Ó pa téépù mọ́ àpò, ọkàn rẹ̀ ti ń kọ Bẹ́ẹ̀ ni, ó ku ọwọ́.

Ó wá bojú wo ìwé náà.

Àmì mẹ́sàn-án ló wà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n méje nínú wọn ṣù jọ sójú kan méjì bí eṣinṣin lórí egbò, mẹ́ta lápá ọ̀tún, mẹ́rin lápá òsì. Ojú méjèèjì kò fẹ̀ ju ẹní ìtẹ́lẹ̀ kan lọ. Bàbá Téépù họ orí. Irú olè wo ló ń lọ sí ojúlé kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́rin lọ́sàn-án kan?

Ó dúró títí èrò fi túká. Ó mú bọ́ọ̀lù kan nínú agbọ̀n, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lù ú mọ́lẹ̀ lọ síbẹ̀, gbàm, gbàm, gbàm. Ó dé ojú kìíní.

Gbì.

Bọ́ọ̀lù náà gbéra dé ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun pé ó yá níbi iṣẹ́, ó tún jókòó padà. Ó dán an wò lẹ́ẹ̀kejì. Gbì. Ó lọ sí ojú kejì. Gbì. Pákó ibẹ̀ ti kú. Àlejò tó bá lu bọ́ọ̀lù débẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ á máa dúró de bọ́ọ̀lù ní ìbàdí, bọ́ọ̀lù á sì wà nílẹ̀ fún ẹni tó mọ̀.

"Ẹ ti rí i," ni ẹnì kan wí lẹ́yìn rẹ̀.

Olè Ọ̀sán ló dúró níbẹ̀, ó ti bọ́ bàtà, ó fẹ̀yìn ti ògiri.

"Ìwọ lo máa ń lé wọn débí?"

"Mi ò lé ẹnì kankan, sà. Mo kàn máa ń dí ọ̀nà yòókù ni."

"Ọdún mẹ́ta!" Káfíńtà ló fò sí i láti ẹnu ọ̀nà. "Ọdún mẹ́ta ni mo ti fẹ́ tún un ṣe! Omi òrùlé ló jẹ igi tó wà lábẹ́ rẹ̀. Òun àti kóòṣì rẹ̀ ni kò jẹ́. Wọ́n ń fi ìtìjú mi gba ife-ẹ̀yẹ!"

"Bàámi, ẹ jọ̀ọ́." Ọmọ náà yíjú sí Bàbá Téépù, kò sí ìtìjú lójú tirẹ̀. "Sà, ṣé òfin kan wà tó ní kéèyàn má mọ ilé bàbá ẹ̀ ni? Wọ́n ṣáà ní àlejò lójú, kò fi ríran."

"Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wí. Níbi tí ìwọ náà bá ti di àlejò ńkọ́?"

Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ mú bàtà rẹ̀ nílẹ̀.

Bàbá Téépù ì bá kọ Rárá lọ́jọ́ náà kó sì lọ jókòó lórí iṣẹ́ rẹ̀ ní wọ́ọ́rọ́wọ́. Kò sẹ́ni tí yóò bi í. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan ti wọ̀ ọ́ lára bí yànmùyánmú wọnú ìbọ̀sẹ̀: ṣé ọmọ ni, àbí ilẹ̀ ni? Gbogbo Sọ́ńdè ló fi ń lu bọ́ọ̀lù mọ́ ilẹ̀ pálọ̀ tiẹ̀, tí ìyàwó rẹ̀ fi sọ pé bó bá tún dún lẹ́ẹ̀kan sí i, nǹkan mìíràn ló máa kú nínú ilé yìí.

Ní Mọ́ńdè ó lọ bá Alága. "Màdámù, ẹ jẹ́ kó wá bá àwọn ọmọ wa gbá, kí n rí i lórí ilẹ̀ wa."

Alága bọ́ awò. "Rárá."

"Ẹ̀yin lẹ ní ẹ ò fẹ́ òrùka wíwọ́ mọ́."

Alága dá awò padà sójú. "Tọ́sìdeè. Aago mẹ́rin."

Aago méjì Tọ́sìdeè ni ọmọ náà ti dé, bàbá rẹ̀ tẹ̀ lé e. Gbọ̀ngán ẹgbẹ́ ńlá kò tíì pé ọdún kan tí wọ́n kọ́ ọ, ilẹ̀ rẹ̀ ń dán débi pé èèyàn lè fi ṣe dígí fá irùngbọ̀n. Ọmọ náà bọ́ bàtà, ó mú bọ́ọ̀lù, ó bẹ̀rẹ̀ láti igun kan: ó lù ú lẹ́ẹ̀kan, ó gbẹ́sẹ̀ kan. Ó lù ú lẹ́ẹ̀kan, ó gbẹ́sẹ̀ kan. Bàbá rẹ̀ ní tirẹ̀ dùbúlẹ̀ gbalaja, ó lẹ etí mọ́ pákó, ó ń fi ìka kàn án, ko, ko, ko, bíi dókítà tó ń yẹ àyà aláìsàn wò.

"Ṣé ó ti kú níbì kankan?" ni Bàbá Téépù béèrè, òun náà ti wà lórí orúnkún rẹ̀ méjèèjì kó tó mọ̀.

"Kò kú o." Ìbànújẹ́ àti ìlara jọ wà lóhùn káfíńtà. "Ẹni tó tẹ́ ilẹ̀ yìí, Ọlọ́run ò ní jẹ́ kó rí ire... Áà, olóríburúkú yẹn mọṣẹ́!"

Alága wọlé bá àwọn àgbàlagbà méjì ní ìdọ̀bálẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó ṣàlàyé, káfíńtà ti dìde, ó gbọn eruku tí kò sí níbẹ̀ dànù lára. "Màdámù, ṣé mo lè ṣí pákó kan péré, kí n kàn wo abẹ́ ẹ̀?"

Alága bọ́ awò. "Rárá."

"Ilẹ̀kùn yín tó ń ké yẹn ńkọ́? Mo lè bá yín..."

Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dá awò padà ni. Ó tún bọ́ ọ. "Rárá."

Wákàtí kan àti ààbọ̀ ni ọmọ náà fi kan ilẹ̀ náà tán láti igun dé igun. Nígbà tó wọ bàtà, ojú rẹ̀ ti rẹ̀ sílẹ̀. Ilẹ̀ náà pé, kò sí ojúlé kankan tí olè lè gbà wọ̀ ọ́.

Gáàdì ẹgbẹ́ ńlá ni wọ́n ń pè ní Ìyá Bọ́ọ̀lù, nítorí bó ṣe máa ń di bọ́ọ̀lù mú, ẹ ó rò pé òun ló bí i. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, ó gbọ́n, apá rẹ̀ tó itan ọmọ káfíńtà. Wọ́n fọn fèrè. Ọmọ náà na ọwọ́ sí bọ́ọ̀lù, ó bá afẹ́fẹ́ níbẹ̀. Ó na ọwọ́ sí i lẹ́ẹ̀kejì, Ìyá Bọ́ọ̀lù fi èjìká kàn án, ọmọ náà fi ìdí jókòó, ó sì yọ̀ lórí ilẹ̀ dídán náà lọ dé abẹ́ bẹ́ǹṣì.

Alága rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́.

"Pẹ̀lẹ́ o, ọmọ mi," ni Ìyá Bọ́ọ̀lù wí. "Ṣé o fẹ́ kí n fi okùn so ó mọ́ ọ lọ́wọ́ ni?"

Ìdajì àkọ́kọ́ parí. Bọ́ọ̀lù tó jí: òfo. Pẹ́ńsùlù Bàbá Téépù ti wà lórí ìwé, ó ti kọ R àkọ́kọ́ nínú Rárá, ọwọ́ rẹ̀ sì wúwo bí ẹni ń kọ orúkọ ara rẹ̀ sórí ìwé ìfìṣẹ́sílẹ̀. Ohun tó mú un dúró kéré. Ó rí i pé ọmọ náà kò mu omi. Àwọn yòókù ń mu, wọ́n ń nura. Òun fi ọwọ́ ti àgbọ̀n, ó ń wo Ìyá Bọ́ọ̀lù tó ń lu bọ́ọ̀lù ṣeré ní òdìkejì, ìka rẹ̀ sì ń kan etí bẹ́ǹṣì: ko. Ko. Ko.

Bàbá Téépù gbé pẹ́ńsùlù sókè. "Kí ni ọmọ yìí ń kàn báyìí?"

Nínú ìdajì kejì, ọmọ náà kò na ọwọ́ sí bọ́ọ̀lù mọ́. Ó ṣí ọ̀nà apá ọ̀tún sílẹ̀ fún Ìyá Bọ́ọ̀lù, obìnrin náà kọjá. Ó sún díẹ̀, ó ṣí ti òsì sílẹ̀, ó kọjá. Ó sún mọ́ ọn, ó fà sẹ́yìn. Kóòṣì ẹgbẹ́ ńlá ń pòṣé, káfíńtà ti fi fìlà bo ojú. Bàbá Téépù nìkan ló ti dìde dúró, nítorí ó ti rí ìrìn náà rí lọ́sàn-án yẹn kan náà: ó lù ú lẹ́ẹ̀kan, ó gbẹ́sẹ̀ kan.

Nígbà tó yá, Ìyá Bọ́ọ̀lù tún ń bọ̀, ó wo ìsàlẹ̀ fìrí, ó sì gbé bọ́ọ̀lù láti ọwọ́ ọ̀tún sí ti òsì. Bọ́ọ̀lù náà kò dé òsì. Ó ti wà lọ́dọ̀ ọmọ káfíńtà, ọmọ káfíńtà ti wà lábẹ́ òrùka.

Ìyá Bọ́ọ̀lù wo ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni tí òrùka ìgbéyàwó bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

Lẹ́yìn ìṣẹ́jú méjì, bọ́ọ̀lù tún pòórá. Nígbà tó di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, káfíńtà ti fi fìlà sọ̀kò, ó ti ń ké, "Olè! Olè!" Àwọn ọmọ tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì ẹgbẹ́ ńlá gbà á lẹ́nu rẹ̀, "Olè! Olè!" Àfi gbàù! Ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì já wọlé pẹ̀lú kóńdó, ó di ẹni àkọ́kọ́ tó fura sí mú: bàbá kan tó dúró sórí bẹ́ǹṣì, tí téépù onírin yọ lápò rẹ̀.

"Ẹ fi mí sílẹ̀! Iṣẹ́ ni mò ń ṣe!"

"Gbogbo yín lẹ máa ń sọ bẹ́ẹ̀!"

Bọ́ọ̀lù mẹ́rin ni ọmọ náà jí kí eré tó parí. Bàbá Téépù gba ara rẹ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀ṣọ́, ó sáré bá a. "Kí lo rí? Sọ fún mi. Kí lo rí?"

"Sà, mo kan ilẹ̀ títí, gbogbo ẹ̀ ń dún dáadáa. Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í kan èèyàn." Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Àǹtí yẹn, tí wọ́n bá fẹ́ gbé bọ́ọ̀lù sọ́wọ́ òsì, wọ́n á kọ́kọ́ wo bàtà wọn, bíi pé wọ́n ń gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan yẹn nìkan ni bọ́ọ̀lù wọn máa ń ga ju orúnkún lọ."

Ìyá Bọ́ọ̀lù tó ń kọjá lọ dúró, ó wo bàtà rẹ̀ pẹ̀lú ìfura.

Bàbá Téépù pa R náà rẹ́. Ó jókòó kọ ìwé rẹ̀, ó sì mú un lọ sí ọ́fíìsì, ọmọ tẹ̀ lé e, káfíńtà dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn tó ń ké, ó ń sapá kó má fọwọ́ kàn án. Alága kà á sókè.

"'Ibi tó dára sí: ojú rẹ̀ máa ń béèrè kí ọwọ́ rẹ̀ tó dáhùn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yá. Bó bá ṣubú, kì í pẹ́ nílẹ̀. Ibi tó kù sí: bọ́ọ̀lù mọ́kànlá ló jù ní Sátidé, mẹ́ta ló wọlé, ọ̀kan nínú mẹ́ta náà, bí ẹní fẹ́ fún ẹlòmíràn ni. Ọwọ́ òsì rẹ̀ dà bí ohun àyálò. Èjìká rẹ̀ kò lẹ́ran. Kí Alága sì ka ibí yìí dáadáa: nínú mẹ́sàn-án tó jí nílé wọn, ilẹ̀ ló bá a jí méje. Pákó ibẹ̀ ti kú, ó sì mọ̀.'" Ó gbójú sókè. "Ẹ̀yin lẹ fọwọ́ ara yín kọ èyí, Bàbá? Ẹ̀yin tí mo ní ẹ máa gbé ìwé kalẹ̀?"

"Èmi ni."

"Ká ní ẹ fò ó, ta ni ì bá mọ̀?"

"Ti òrùka ọjọ́sí, n kò mọ̀ ni, Màdámù. Èyí, mo mọ̀ ọ́n. Èyí téèyàn ò mọ̀ là ń pè ní àṣìṣe. Èyí téèyàn mọ̀ tó bò mọ́lẹ̀, orúkọ mìíràn ló ń jẹ́."

Alága wo ìsàlẹ̀ ìwé, níbi tí Bẹ́ẹ̀ ni dúró sí láìsí ìlà kankan nídìí. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ gbéra lórí tábìlì, ó ń lọ sókè jẹ́jẹ́, ó ti kọjá ẹ̀gbà ọrùn.

"Màdámù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bọ́ ọ," ni ọmọ náà wí.

"Kí n má tíì bọ́ kí ni?"

"Awò yín. Tí ẹ bá fẹ́ sọ rárá, ẹ máa ń kọ́kọ́ bọ́ ọ. Ẹ bọ́ ọ fún bàámi lẹ́ẹ̀mejì lónìí. Ẹ̀ẹ̀kan nítorí pákó, ẹ̀ẹ̀kan nítorí ilẹ̀kùn."

Ọwọ́ Alága dúró lófuurufú. Kò lè lọ sókè, kò lè wá sílẹ̀. Ó dúró síbẹ̀ bí ọwọ́ ọlọ́pàá ní oríta. Nígbà tó rẹ ọwọ́ náà, ó yà lọ họ etí tí kò yún un. Ni Alága bá bú sẹ́rìn-ín. Gbogbo wọn wo ilẹ̀ láti rí ẹni tó ṣubú. Kò sí.

"Oṣù mẹ́ta," ló wí, awò rẹ̀ wà lójú digbí. "Kó wá fi oṣù mẹ́ta gbá, kí n rí i. Tó bá já mi kulẹ̀, ìwé àti pẹ́ńsùlù, Bàbá."

"Mo gbọ́, Màdámù."

"Ìwọ, wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń ju bọ́ọ̀lù. Àti pé, má wò mí mọ́."

Láti ọjọ́ náà, pẹ̀lú awò lójú ni Alága fi ń sọ rárá. Àwọn òṣìṣẹ́ ní ó ń dunni ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló sọ fún bàbá rẹ̀ pé, "Bàámi, ẹ tún ilẹ̀ yẹn ṣe. Mi ò nílò ẹ̀ mọ́." Inú káfíńtà dùn, ó pọ́n ayùn, ó ké sí Bàbá Téépù pé kó wá bá òun wọn pákó. Nígbà tí wọ́n dé gbọ̀ngán, wọ́n bá kóòṣì ẹgbẹ́ ilé ní gbalaja lórí ojú kìíní, ó na ọwọ́ méjèèjì sí ọ̀kánkán ojú kejì, kò fẹ́ dìde.

"Ife-ẹ̀yẹ mi nìyí! Àfi kí ẹ rẹ́ mi mọ́ ọn!"

Bàbá Téépù wo káfíńtà, káfíńtà wo Bàbá Téépù. Ṣàràrà! Ṣàràrà! Wọ́n wọn kóòṣì láti àtàrí dé gìgísẹ̀.

"Pákó mẹ́ta," ni Bàbá Téépù wí.

"Mẹ́ta àtààbọ̀," ni káfíńtà dá a lóhùn, ó sì gbé ayùn.